Àlùfáà Ẹ̀yìn Ògiri

Ní Portcraig, ìlú kan létí òkun, apẹja tó bá pàdé àlùfáà lójú ọ̀nà kì í wọ ọkọ̀ mọ́ lọ́jọ́ náà, ilé ló máa padà sí. Àlùfáà Farquhar Geddes kò mọ̀ nígbà tó kọ́kọ́ dé. Ó kí Magnus, àgbà apẹja, tọ̀yàyàtọ̀yàyà láàárọ̀ ọjọ́ kan, ni bàbá náà bá yára fọwọ́ kan irin géètì ṣọ́ọ̀ṣì kí àgbákò má bàa bá a.

"Ẹ má bínú, Àlùfáà. Èèyàn dáadáa ni yín, àmọ́ ẹja ò fẹ́ràn yín."

Àlùfáà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn ún gan-an. Láti ìgbà náà, bó bá ti gbọ́ ìró bàtà àwọn apẹja, ẹ̀yìn ògiri ṣọ́ọ̀ṣì ló ń sá pamọ́ sí títí wọ́n á fi kọjá, òjò ìbáà máa rọ̀.

Nígbà tó yá, òtútù mú un, ó sì dùbúlẹ̀ àìsàn. Magnus gbé ẹja yíyan wá kí i.

"Ẹ̀yìn ògiri yẹn ló fà á," ni bàbá náà wí. "Gbogbo wa la máa ń rí fìlà yín."

"Ẹ rí mi, ẹ sì tún lọ sókun, Bàbá?"

"Fìlà la rí. Ta ló rí àlùfáà?"

Àlùfáà rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Magnus jókòó ti ibùsùn, ó ń yọ eegun ẹja, ó ń fi ẹran rẹ̀ sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Afẹ́fẹ́ dára lójú òkun, àwọn ọkọ̀ yòókù ti lọ.

"Ẹ ò lọ lónìí ni?"

"Ẹ yanu, ẹ jẹun," ni Magnus dá a lóhùn.