Ta Ni Yóò Tọrọ Ta?

Láti ìgbà tí wọ́n ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ni ọkàn Zenaida ò ti balẹ̀. Ó gbá àgbàlá, ó tún un gbá. Ó to àga, ó tú u ká, ó tún un tò. Ìdílé Maclovia, olólùfẹ́ rẹ̀, gbọ́dọ̀ wá tọrọ rẹ̀ lónìí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó parí.

Filemón bàbá rẹ̀ ló dá a bẹ́ẹ̀. Ọdún kan gbáko ló fi ṣe bí ẹni tí etí ẹ̀ di sí ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin méjèèjì. Ìjọba ìpínlẹ̀ Oaxaca ní Mẹ́síkò ti fọwọ́ sí i pé obìnrin lè gbé obìnrin níyàwó, ṣùgbọ́n ìjọba kọ́ ló ń pàṣẹ nílé Filemón. Ìgbà tó máa lanu, ó ní: "Ọmọ mi kì í ṣe ewúrẹ́ tó já. Bí wọ́n bá fẹ́ ẹ, kí wọ́n gbé àbẹ́là, búrẹ́dì àti tòlótòló wá sẹ́nu ọ̀nà mi, kí wọ́n tọrọ ẹ̀. Bí oòrùn Sọ́ńdè bá wọ̀ tí mi ò rí wọn, kẹ́nikẹ́ni má dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ níwájú mi mọ́."

Oòrùn ọ̀hún ti wá yẹ̀ lórí báyìí. Ṣokoléètì mímu tí Obdulia, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ olóògbé, pò sílẹ̀ fún àlejò ti tutù.

"Ẹ jẹ́ ká tún un gbé kaná," ni Zenaida wí.

"Mo ti gbé e kaná títí, ó ti fẹ́ di ọbẹ̀. Jókòó, ọmọ yìí, òòyì ti ń kọ́ mi."

Filemón jókòó pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rùn àti fìlà lórí orúnkún. "Ṣé wọ́n ti gbàgbé ọ̀nà ni," ó ní, "àbí tòlótòló wọn ló sá lọ?"

"Wọ́n á wá, bàbá."

"Mi ò ní wọn ò ní wá. Oòrùn lèmi ń wò."

Ẹ̀rù ba Zenaida dọ́kàn. Ó mọ àwọn tó ti tìtorí irú ìfẹ́ yìí sá lọ sí ìlú ńlá, tí wọn kì í wálé àfi lọ́jọ́ ọdún àwọn òkú. Òun ò fẹ́ sá lọ síbì kan. Ìlú yìí ló ti fẹ́ máa hun ẹní òwú rẹ̀, kí òun àti Maclovia jọ máa rìn lọ sọ́jà láìsí pé ẹnì kan wúkọ́ lẹ́yìn wọn.

Bàbá rẹ̀ ti kìlọ̀ pé kò gbọ́dọ̀ fi fóònù bẹ ẹnikẹ́ni kó wá. Zenaida ní òun ń lọ wo aró lẹ́yìnkùlé, ó sì pè.

"Níbo lẹ wà látàárọ̀?" Maclovia ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ẹkún ti wà lóhùn ẹ̀. "Màámi ti pa adìẹ. Àwọn àbúrò bàbá mi ti wọ bàtà tó ń há wọn lẹ́sẹ̀. Wọ́n ní ṣé bàbá rẹ ti kọ̀ ni?"

"Àwa kẹ̀? Ẹ̀yin la ń retí!"

"Ẹ̀yin ló yẹ kẹ́ ẹ wá. Èmi lọmọbìnrin."

"Èmi ńkọ́, kí lèmi?"

Ará ilé ọkọ ní í rìn, ará ilé ìyàwó ní í jókòó. Bí ìlú náà ti mọ̀ ọ́n nìyẹn. Kò sẹ́ni tó tíì rò ó pé ilé ọmọbìnrin méjì lè máa retí ara wọn. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

Zenaida wọlé, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún bàbá rẹ̀.

"O sì pè é, lẹ́yìn tí mo ní kó o má pè."

"Ẹ̀rù ló bà mí, bàbá."

Obdulia bú sẹ́rìn-ín. Ó rí ojú Filemón, ó gbé ẹ̀rín mì.

"Èmi tí mo bí ọmọbìnrin," ni Filemón wí, "kí n gbé tòlótòló la ìgboro kọjá? Kí n lọ máa bẹ̀bẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ẹlòmíì?"

"Bàbá tìẹ náà ṣe é nígbà tó wá tọrọ àbúrò mi," ni Obdulia dáhùn. "Kò kú."

"Ọmọkùnrin ló ń tọrọ fún!"

Oòrùn ti kan orí ògiri. Zenaida kúnlẹ̀. "Bàbá, mo fẹ́ràn ẹ̀. Mi ò fẹ́ kúrò nílùú yìí, mi ò sì fẹ́ fi yín sílẹ̀. Ẹ ṣàánú mi."

Bàbá dìde. Ó dé fìlà rẹ̀.

"Mú tòlótòló wá."

"Èwo, bàbá?"

"Èyí tó wà lẹ́yìnkùlé! Mélòó la ní?"

Filemón gba iwájú pẹ̀lú tòlótòló lábẹ́ apá, Obdulia ru búrẹ́dì, Zenaida di àbẹ́là mú. Àwọn aládùúgbò ń yọjú. "Bàbá Zenaida, ṣé kò sí o? Ibo lẹ̀ ń gbé ẹran lọ?" Kò dá wọn lóhùn. Ní gbogbo ìkóríta, ẹ̀rù ń ba Zenaida pé yóò yí padà. Kò yí padà, àwọn aládùúgbò sì ń tẹ̀ lé wọn.

Wọ́n kan ilẹ̀kùn ilé Maclovia.

"Ta ni o? Kí lẹ wá ṣe?" Ohùn ìyá Maclovia nìyẹn, látinú ilé.

Filemón yíjú padà. Ó wo èrò tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Zenaida rò pé ó ti parí nìyẹn. Bàbá náà tún kọjú sí ilẹ̀kùn.

"Filemón ni. Ọmọ mi obìnrin fẹ́ràn ọmọ yín obìnrin. A wá tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ yín." Ó sọ ọ́ sókè tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó wà ní òdìkejì títì fi gbọ́.

Gbogbo ìlú ló mọ̀ pé wọn kì í gba ẹni tó bá wá tọrọ lẹ́ẹ̀kíní. Wọ́n á ní kó padà wá lọ́jọ́ mìíràn. Zenaida di ojú.

Ilẹ̀kùn ṣí. Ojú ìyá Maclovia ti pọ́n.

"Ó yẹ kí n kọ́kọ́ lé yín padà," ló wí. "Ṣùgbọ́n àtàárọ̀ lẹ̀rù ti ń bà wá pé ẹ ò ní wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọlé."