Àmì Ìka Márùn-ún

Alápatà mọ ẹran tí wọ́n nà kí wọ́n tó pa á. Bí wọ́n bá bó awọ rẹ̀ tán, ojú ibi tí pàṣán ti bà á máa ń dúdú. Ọgbọ̀n ọdún ló ti fi ń ṣa irú rẹ̀ sọ́tọ̀, kò ṣì í rí. Nígbà tí àbúrò rẹ̀ obìnrin wá kí i, tí alápatà rí àpá dúdú lápá, lẹ́sẹ̀ àti lẹ́yìn ọrùn obìnrin náà, ó parí ẹjọ́ lójú ẹsẹ̀.

"Ọkọ rẹ ń lù ọ́."

"Ẹ̀gbọ́n mi, kò nà mí rí. Wọ́n kàn ń yọ fúnra wọn ni."

"Ẹran ni mò ń tà. Lọ fi ìyẹn tan ẹlòmíì."

Ló bá tì í mọ́ yàrá.

Lọ́jọ́ kejì, ọkọ dé, télọ̀ oníwà jẹ́jẹ́, lẹ́tà ọsíbítù lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n, dókítà ní ká gbé e wá lónìí..."

Ẹ̀ṣẹ́ kò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. Eyín méjì bọ́, ọkọ náà ṣubú lulẹ̀. Alápatà gbé bàtà lé ọwọ́ ọ̀tún tí télọ̀ fi ń di sísọ́ọ̀sì mú, ó tẹ̀ ẹ́ títí egungun fi dún. Ìyàwó já ilẹ̀kùn, ó fẹ́ ṣubú lé ọkọ rẹ̀ lórí. Ẹ̀gbọ́n gbá a lọ́rùn ọwọ́ mú, ó wọ́ ọ padà sí yàrá. Lẹ́tà ló fi nu ẹ̀jẹ̀ ọwọ́ rẹ̀. Ìbínú ò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, gìrì mú obìnrin náà, ẹ̀jẹ̀ ń dà nímú rẹ̀, kò dá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ̀ mọ́. Alápatà gbé e sáré dé ọsíbítù. Ẹ̀rù ń bà á bí ọmọdé.

Dókítà, ìyá àgbà kan, ka ìwé àyẹ̀wò rẹ̀. "Jẹjẹrẹ ló fara pamọ́ sí i nínú. Òun ló ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín. Ohun tó yẹ kó dá ẹ̀jẹ̀ dúró níbòmíì ti tán síbẹ̀, ìyẹn ni ẹ̀jẹ̀ fi ń jò sábẹ́ awọ, tí ara fi ń dúdú láìsí ẹni tó nà án. A ní kí wọ́n gbé e wá lánàá. Ọ̀nà ṣì wà lánàá."

Ọ̀sán ò tíì pọ́n tí obìnrin náà fi dákẹ́.

Télọ̀ jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ọwọ́ rẹ̀ nínú báńdéèjì, kò sunkún. Dókítà fẹ́ da aṣọ bo òkú, ó dúró. "Àìsàn ló ṣe gbogbo àpá yìí, àfi ẹyọ kan." Ó gbé ọwọ́ òkú sókè. Ìka márùn-ún hàn dúdú yí ọrùn ọwọ́ ká. "Ta ló dì í mú báyìí?"

Alápatà na ọwọ́ rẹ̀, ó gbé e lé àmì náà. Ó ṣe wẹ́kú.