Irun Inú Hannah

Ọdún tí àwọn ṣọ́jà gbé ìjọba fún alágbádá ni inú Hannah ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í le. Kì í ṣe pé ó wú bí inú ọmọ tí aràn ń jẹ o. Òkè ló ti le, lábẹ́ igbá àyà, bí ẹni pé wọ́n ki òkúta bọ̀ ọ́. Bó bá jẹun, á bì í. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tín-ínrín bí ti lékeléke.

Ìyá ọkọ mi, tí gbogbo abúlé wa, Atosin, ń pè ní Ìyá Àgbà, ní kò sí ohun méjì, ayé ló mú irun orí ọmọ náà. Ó pẹ́ tó ti ń kìlọ̀. Bí mo bá ń tú irun Hannah, á jókòó tì wá bí ọlọ́pàá.

"Hannah, má jẹ́ kí ọ̀kan bọ́ sílẹ̀. Ṣa gbogbo rẹ̀, fi pamọ́ síbi tí ọwọ́ ọmọ aráyé kò ní dé."

Hannah á ṣa á, á dì í mọ́wọ́, á gba ẹ̀yìnkùlé lọ. A rò pé ó ń rì í mọ́lẹ̀ ni. Bí àìsàn ṣe ń le, bẹ́ẹ̀ ni ìkìlọ̀ ń le sí i.

Mo ní, "Ìyá, mo gbọ́ ti ayé. Ayé wo ló ń bínú sí ọmọ tí eyín iwájú rẹ̀ ò tíì hù tán?"

"Ẹnu ẹ ni yóò pa ọ́, ìyàwó."

"Ó sàn kí ẹnu mi pa mí ju kí ìdákẹ́ mi pa ọmọ."

Olúlékè lorúkọ ọkọ mi. Akin ni lóko kòkó, ṣùgbọ́n bí ìyá rẹ̀ bá ti sọ̀rọ̀, á di igi. A gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà wa, a gbààwẹ̀. Mo bá wọn ṣe é dáadáa. Nígbà tí omi lásán kò dúró nínú ọmọ mọ́, mo pọ̀n ọ́n, mo wọ mọ́tò Àkúrẹ́. Ìwòsàn ti di ọ̀fẹ́, kò sẹ́ni tó máa fi owó ṣe àwáwí fún mi. Olúlékè tẹ̀ lé mi. Ìyá Àgbà náà wọlé mọ́tò, ó ní òun fẹ́ fojú ara òun rí ibi tí mo ń gbé ọmọ lọ.

Ní ọsibítù Àkúrẹ́, Dókítà Ignatius fọwọ́ tẹ inú Hannah, ó fún un ní oògùn kan tó funfun bí ẹfun mu, wọ́n ya fọ́tò inú rẹ̀. Ó ní nǹkan ńlá kan wà nínú ikùn rẹ̀ tí kò lè gba ẹnu jáde, tí kò lè gba ìdí, àfi kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ.

"A kì í la ọmọ bí ẹja nílé wa," ni Ìyá Àgbà wí.

Mo kọjú sí ọkọ mi. "Bàbá Hannah, ẹ̀yin ni wọ́n ń bi, kì í ṣe ìyá yín. Ṣé ká gbé e padà lọ sin ni?"

Ó wo ilẹ̀, ó wo ọmọ. "Ẹ ṣe é, dókítà." Mo fẹ́ràn rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ju ọjọ́ ìgbéyàwó wa lọ.

Nígbà tí dókítà jáde ní yàrá iṣẹ́ abẹ, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ rín kó tó sọ̀rọ̀. Mo mọ̀ pé ọmọ mi yè. Nọ́ọ̀sì gbé abọ́ kan tẹ̀ lé e. Irun ló wà níbẹ̀, irun dúdú tó lọ́ mọ́ra, tó ń yọ̀, tó ti mú ìrísí ikùn ọmọ náà bí ẹ̀kọ ṣe ń mú ìrísí ewé.

Ìyá Àgbà ní, "Mo wí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ohun tí ayé rán sí i nínú."

"Mọ́mì," ni dókítà wí, "ẹnu ló gbà wọlé. Òun fúnra rẹ̀ ló ń gbé e mì."

Nígbà tí Hannah lajú dáadáa, mo bi í bóyá lóòótọ́ ni. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní kí ló dé. Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́n tó.

"Ìyá Àgbà ní kí n fi síbi tí ọwọ́ ọmọ aráyé kò ní dé. Adìẹ ń tú èyí tí mo bá rì. Kò sádìẹ nínú mi."

Olúlékè rẹ́rìn-ín títí ó fi fi ìdí kalẹ̀. Èmi ń rẹ́rìn-ín, mo ń sunkún. Ìyá Àgbà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Dókítà ní a ò tíì bọ́ tán. Bó bá tún ń gbé irun mì, òmíràn á dì. Ká gé irun orí rẹ̀ mọ́lẹ̀, ká máa ṣọ́ ọ, ká má lù ú, torí ó ti di bárakú. Mo jókòó ti ọmọ, mo ṣàlàyé. Ó ń mirí, ṣùgbọ́n ojú Ìyá Àgbà ló ń wò. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ mi ò tà.

"Ìyá, ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ. Ẹ̀yin náà lẹ máa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀."

"Ìwọ ò tiẹ̀ bẹ̀rù ẹnikẹ́ni."

"Bí mo bá bẹ̀rù yín, ta ni yóò sọ fún yín?"

Ìyá Àgbà tú gèlè rẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé wọn, n kò rí orí rẹ̀ lásán rí. Ó gba ìyarun lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ó ya irun funfun rẹ̀, ó yọ èyí tó há sí eyín ìyarun, ó gbé e síwájú Hannah. Lójú gbogbo wọ́ọ̀dù ló jù ú sínú garawa ìdọ̀tí.

"Ṣé o rí i? Ẹni tó bá fẹ́ kó lọ mú un."

"Ìyá Àgbà, ẹ̀rù ò bà yín?"

"Ó ń bà mí. Ṣùgbọ́n èyí tí mo rí nínú abọ́ yẹn bà mí lẹ́rù jù."

Nígbà tí Hannah só, tí dókítà ní ìfun rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, pé ó lè mu nǹkan, Ìyá Àgbà fúnra rẹ̀ ló di ife ẹ̀kọ mú sí i lẹ́nu. A ń wo ọ̀fun ọmọ bí ẹni ń wo ojú ọ̀run lásìkò òjò. Ó gbé e mì. A dúró, a dúró. Kò bì í. Ó ti ife náà padà, ó ní ṣúgà ò tó.