Bẹ́rì Tí Kò Dán

Kì í ṣe èso bẹ́rì ni Nọ́ọ̀sì wá já lóko bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ náà o, bàbá gan-an ló wá kó. Ojú bàbá ti di bàìbàì, ohùn ni wọ́n fi ń dá èèyàn mọ̀. Nọ́ọ̀sì ti tọ́jú yàrá sílẹ̀ fún wọn nílé rẹ̀ nígboro, ó sì ti rí ẹni tó fẹ́ ra oko. Ẹ wo ọmọ tó láájò! Kò kàn rántí bi bàbá ni.

"Ta ló ní mo fẹ́ lọ?" bàbá gbaná jẹ.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá mi. Báwo lẹ ṣe fẹ́ máa já ohun tẹ́ ò rí?"

"Ó dáa. Já agbọ̀n kan, kí n já agbọ̀n kan. Oníbàárà àkọ́kọ́ ni yóò tọ́ méjèèjì wò. Bí tìẹ bá dùn ju tèmi lọ, màá di ẹrù mi lónìí. Bí tèmi bá borí, n ò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ títà mọ́."

Àwọn méjèèjì bọ́ sáàárín igi ẹlẹ́gùn-ún. Èyí tó dúdú tó ń dán ni Nọ́ọ̀sì ń mú. Bí kò bá já, á fà á tipátipá. Bàbá ò kánjú ní tiwọn. Wọ́n á rọra fi àtàǹpàkò kan èso. Èyí tó bá bọ́ sí wọn lọ́wọ́ fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń gbà, èyí tó bá ń ṣagídí, wọ́n á fi í sílẹ̀. Agbọ̀n ọmọ kún, ti bàbá ò tíì dé ìdajì. Àánú wọn ṣe Nọ́ọ̀sì, ó ti ń ro bí yóò ṣe di ẹrù wọn.

Oníkéèkì kan tó ń kọjá lọ ló kọ́kọ́ yà síbi tábìlì tí wọ́n ti ń tà á lẹ́nu ọ̀nà. Inú agbọ̀n tó ń dán ló kì ọwọ́ bọ̀. Ojú rẹ̀ fún pọ̀.

"Yéè! Ó kan!"

Ó mú ọ̀kan nínú ti bàbá. Ó mú ìkejì, ó mú ìkẹta.

Nọ́ọ̀sì náà tọ́ méjèèjì wò. Ìtìjú mú un. "Bàbá, tiyín ò mà dán."

"Bẹ́rì tó bá ṣì ń dán ò tíì pọ́n dénú, ọmọ mi. Ìgbà tí dídán bá lọ lara rẹ̀ ló ń dùn. Ojú rẹ ló tàn ọ́ jẹ. Èmi ò ní èyí tó máa tàn mí."

Nọ́ọ̀sì wo ọwọ́ bàbá rẹ̀ tí ẹ̀gún ti ha yánnayànna láti ọdún pípẹ́ wá. Inú rẹ̀ dùn, orí rẹ̀ sì wú.

"Níbo lẹ ti ń rí irú èyí?" oníkéèkì bèèrè. "Ìgbà wo ló sì máa tán?"

"Oko yìí náà ni," Nọ́ọ̀sì dáhùn, ó gbé àyà sókè. "Bàbá mi ló ń já a. Ẹ máa bọ̀ láràárọ̀ títí oṣù yìí á fi parí. Tó bá di àmọ́dún, ẹ padà wá. Ẹ máa bá wọn níbí."