Ẹni Tó Jókòó Sínú Ihò Eyín Mi

Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o. Ọ̀sán àná ni mo lá àlá yìí, nígbà tí mo ti ọ̀dọ̀ dókítà tó yọ eyín mi dé, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ṣì kú bí igi.

Ẹ̀yìn ilé wa ni mo dúró sí. Àgbàlagbà bíi tèmi, mo mú eyín náà dání pẹ̀lú òkúta wẹ́wẹ́, mo fẹ́ jù wọ́n sórí òrùlé bí ọmọdé, kí eyín mìíràn lè hù. Ẹ sì mọ̀ pé alángbá kò gbọdọ̀ rí àlàfo ẹni. Mo gbàgbé, mo yánu. Alángbá kan tó dé fìlà wò mí lẹ́nu, ó mirí.

"Bàbá, mo ti rí i. Kò ní hù mọ́."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí òótọ́ ló sọ. Bí mo ti pa ẹnu dé báyìí, inú ẹnu náà ni mo bá ara mi. Ọ́fíìsì kan ń léfòó lórí itọ́, ọ̀gá kan sì jókòó síbẹ̀.

"Egungun àgbọ̀n yín là ń tún ṣe," ó ní. "Ẹ̀jẹ̀ dídì ló máa kọ́kọ́ bo ihò náà. Ẹran tuntun á gba ipò ẹ̀jẹ̀, egungun rírọ̀ á gba ipò ẹran, á sì wá le. Ó máa gba oṣù mélòó kan. Etí ihò á jẹ wọlé, àgbọ̀n yín á rẹlẹ̀ díẹ̀ níbẹ̀."

"Ẹni tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ńkọ́?"

"Dídí là ń dí i, Bàbá. A kì í dá ẹnikẹ́ni padà."

Ló bá di òbúkọ, ó ń jẹ tábìlì rẹ̀. Mo yà fún un kó lè jẹun dáadáa.

Mo yọjú wo ihò náà. Fẹ́hìntọlá, ìyàwó mi tó kú nígbà ọyẹ́, ló jókòó sísàlẹ̀. Ó fi aṣọ pupa bora, ó gbá egungun mọ́ra. Inú mi dùn, ẹkún sì gbọ̀n mí.

"Ìyá Ṣọlá, dìde ká lọ sílé."

"Ẹ fi mí sílẹ̀, Bàbá Ṣọlá. Èmi ni mo bo egungun yìí. Bí ẹ bá fà mí kúrò, atẹ́gùn á kàn án, ẹ ó sì ké."

"Bí mo bá fi ọ́ sílẹ̀ ńkọ́?"

"Màá tán díẹ̀díẹ̀. Egungun á dí ibẹ̀. Ẹ ó máa jẹun, ẹ ò sì ní rántí pé ihò wà níbẹ̀ rí."

Adìyẹ bà lókùn, ara ò rokùn, ara ò radìyẹ. Ìrora mo lè fara dà, àmọ́ kí n máa jẹun kí n sì gbàgbé rẹ̀, n kò lè gbà á. Ó ti kú mọ́ mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Mo nawọ́, mo dì í mú, mo fà.

Ohùn Ṣọlá ọmọ mi ló jí mi.

"Bàbá! Kí lẹ ń fìka ṣe lẹ́nu? Ṣebí dókítà ní kí ẹ má fọwọ́ kàn án!"

Mo yọ ìka mi. Ẹ̀jẹ̀ dídì kan tí kò tó hóró ẹ̀wà ló lẹ̀ mọ́ ọn. Egungun ti bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí. Ṣọlá na aṣọ sí mi pé kí n fi nù ún dànù. Mo di ìkúùkù, n kò sì jẹ́ kó tú u.