Ibi Kan Tí Ọkọ́ Ti Wọlẹ̀

Bàbá Olúsànmí kò nífẹ̀ẹ́ fóònù rárá. Lójú tirẹ̀, kò sí ohun rere kan tó ń ti inú ẹ̀ jáde. Nítorí náà, nígbà tí Àrìnkẹ́, ìyàwó ọmọ rẹ̀, gbé fóònù wá bá a ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ti fajú ro kó tó wo ohun tó wà níbẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò ó. Ọgbà tó ń mu omi òjò ni. Wọ́n á gbẹ́ ilẹ̀ díẹ̀ bí abọ́, wọ́n á po iyanrìn mọ́ ilẹ̀dú, wọ́n á gbin ohun tó fẹ́ràn omi sí i. Bí àgbàrá bá dé, ibẹ̀ ló máa dúró sí, ilẹ̀ á máa mu ún díẹ̀díẹ̀. Kò ní wọlé mọ́."

Bàbá wò ó títí, kò rí àbùkù kankan níbẹ̀. Ẹni tó bá mọ Ìdànrè mọ ohun tí ojú àwọn tó kọ́lé sí ìdí òkè ń rí. Àpáta ni ilé wọn kẹ̀yìn sí, àpáta kì í sì í mu omi. Gbogbo òjò tó bá rọ̀ lé e lórí, ẹ̀yìnkùlé wọn ló ń dà sí, ògiri yàrá Àrìnkẹ́ ló sì ń jẹ. Ògiri náà ti là débi pé ìka ń wọnú ẹ̀. Akinolúwa, ọkọ rẹ̀, ń bójú tó oko kòkó kan ní Ofosu. Bó bá wálé lọ́jọ́ Sátidé, á fi sìmẹ́ǹtì dí i; kó tó tún padà wá, òjò á ti hó o kúrò.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," Bàbá ní. "Níbo lo wá fẹ́ gbẹ́ ẹ sí?"

Àrìnkẹ́ nawọ́ sí ìdí igi gúáfà, níbi tí ẹ̀yìnkùlé ti rẹlẹ̀ jù. "Ibẹ̀ yẹn ni, Bàbá. Mo ti fi ọkọ́ dán gbogbo ẹ̀yìnkùlé wò. Àpáta ni gbogbo ẹ̀, ọkọ́ kì í wọlẹ̀ tó ìka méjì kó tó dún. Ibẹ̀ nìkan ni ọkọ́ ti wọlẹ̀."

Bàbá mọ̀ pé ibẹ̀ nìkan ni. Òun náà ti fi ọkọ́ wá a rí, ní ọdún méjì sẹ́yìn.

Jésùtófínmi, ọmọ Àrìnkẹ́, jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin nígbà náà. Ẹnu ẹ̀ kì í dákẹ́, àyà Bàbá ló sì máa ń sùn sí lọ́sàn-án. Ibà mú un lọ́jọ́ Tọ́sìdeè. Nígbà tó fi máa di Sọ́ńdè, ó ti parí. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é bí ọmọdé bá kú ni wọ́n ṣe é: àwọn ìyá ìjọ mú Àrìnkẹ́ lọ sílé Wòlíì Ògúnbọ̀dé, olórí ìjọ aláṣọ funfun wọn, àwọn ọkùnrin jókòó ti Akinolúwa ní pálọ̀. Ẹni tó bí ọmọ kì í tẹ̀ lé e dé ibojì, wọn kì í sì í fi ibẹ̀ hàn án láéláé. Àánú ni wọ́n pè é, kí ojú má baà ní ibi tí á máa sá lọ lójoojúmọ́.

Ó yẹ kí Bàbá àti Wòlíì gbé ọmọ lọ sínú igbó lọ́nà Aládé. Òjò tó rọ̀ lọ́jọ́ náà ti gé ọ̀nà. Ká má parọ́, bí ọ̀nà tiẹ̀ gbẹ, Bàbá kò ní lè gbé ọmọ yẹn lọ fi sínú igbó. Wọ́n fi ọkọ́ dán ẹ̀yìnkùlé wò títí, àfìgbà tí wọ́n dé ìdí gúáfà. Wọ́n wọ súùtánà funfun rẹ̀ kékeré fún un. Nígbà tí wọ́n bò ó tán, ẹ̀rù ń ba Bàbá pé àgbàrá lè wú u jáde, ó bá lọ gbé ọlọ ata ìyàwó rẹ̀ tó ti kú wá láti ilé ìdáná, ó fi tẹ̀ ẹ́ lórí, wọ́n da iyẹ̀pẹ̀ lé e. Ó jáde, ó ní, "A ti gbé e lọ." Nígbà tí Àrìnkẹ́ béèrè ọlọ, ó ní ó ti fọ́. Wòlíì ti kú léṣìí, ó ku Bàbá àti Ọlọ́run tó mọ̀ ọ́n.

Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó pe Àrìnkẹ́ ní Ìyá Tófínmi mọ́. Orúkọ odindi kan ṣáà parẹ́ nínú ilé. "Ìyàwó" ni Bàbá ń pè é.

"Ibẹ̀ kò dáa," ni Bàbá wí. "Igi gúáfà á kú."

"Igi gúáfà tí kò so láti ọdún wo, Bàbá?"

"Mo ní ibẹ̀ kò dáa."

Àrìnkẹ́ kúnlẹ̀, ó ní kí wọ́n má bínú, àmọ́ kò sọ pé òun ò ní gbẹ́ ẹ. Bàbá wọlé, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Gbígbẹ́ nìkan kọ́ ló ń dà á láàmú. Omi ni. Gbogbo omi àpáta ni ọgbà yẹn máa kó jọ lé ọmọ náà lórí, ọmọ tó jẹ́ pé bí wọ́n bá fẹ́ fi omi tútù wẹ̀ ẹ́, gbogbo àdúgbò ló máa gbọ́.

Ó gbé ọkọ́ pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Àgbà ọkùnrin ń gbé ọkọ́ pamọ́ bí olè, ojú sì ń tì í. Àrìnkẹ́ wá a, wá a, kò rí i. Ó yá ọkọ́ lọ́wọ́ Mùjídàt tó múlé gbè wọ́n.

Àárọ̀ ọjọ́ kan tí Bàbá ti ìsìn ìsọjí dé ló bá Àrìnkẹ́ ní ìdí gúáfà. Kòtò náà ti dé ojúgun rẹ̀. Bàbá dúró pẹ̀lú Bíbélì lábẹ́ apá. Bó bá sọ̀rọ̀, ohun tí wọn kì í fi han ìyá ló fi hàn án yẹn. Bó bá dákẹ́, ọkọ́ á sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ó ya ẹnu, kò tíì mọ èyí tó máa ti ẹnu rẹ̀ jáde tí ọkọ́ fi dún.

Àrìnkẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ gbá iyẹ̀pẹ̀ kúrò. Ojú ọlọ tí Bàbá ní ó ti fọ́ yọ, pẹ̀lú ibi tó ti jìn nínú fún ọdún pípẹ́ tí wọ́n ti ń lọ ata lórí rẹ̀. Ọwọ́ Àrìnkẹ́ dúró síbẹ̀, bí ìyá ṣe ń gbé ọwọ́ lé iwájú orí ọmọ láti mọ̀ bóyá ara rẹ̀ ti rọ̀. Ó gbójú sókè. Ó rí Bàbá.

"Àpáta ni, Bàbá," ó ní.

Bàbá náà ní, "Àpáta ni."

Àrìnkẹ́ kò tún fọwọ́ kan ọkọ́. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ló fi da iyẹ̀pẹ̀ náà padà, ẹ̀kúnwọ́ kan tẹ̀ lé òmíràn, ó sì rọra tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Nígbà tó ṣe tán, ó ní, "Ẹ bá mi wá àpò sìmẹ́ǹtì tó ti ṣófo. Iyẹ̀pẹ̀ ọgbà la máa lọ bù wá."

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni wọ́n fi ru iyẹ̀pẹ̀ láti etí odò. Wọ́n to òkúta yí ojú àpáta ká lókè ìdí gúáfà, wọ́n da iyẹ̀pẹ̀ àti iyanrìn sí i, Àrìnkẹ́ gbin kókò, tètèrègún àti koríko ọba. Ọgbà náà dára lójú, ṣùgbọ́n kò jìn. Kò lè gba gbogbo omi. Omi tó bá kún gbọ́dọ̀ ní ojú ọ̀nà. Lápá ìdí gúáfà, níbi tí omi ti máa ń ṣàn lọ fúnra rẹ̀, Àrìnkẹ́ to òkúta ní ìlọ́po méjì. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó fi sílẹ̀ kọjú sí yàrá rẹ̀.

"Ìyàwó, ògiri rẹ lo darí omi sí yìí."

"Mo mọ̀, Bàbá."

"Á wó o."

"A lè fi búlọ́ọ̀kù tún ògiri mọ." Ó gbé òkúta mìíràn, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Òjò ńlá àkọ́kọ́ dé lọ́sàn-án ọjọ́ Wẹ́sìdeè kan. Omi ya bolẹ̀ láti orí àpáta, ọgbà mu ìwọ̀n tó lè mu, èyí tó kù yà sápá ilé. Bàbá sáré dé yàrá Àrìnkẹ́. Ẹní ti léfòó, omi ti dé ọrùn ẹsẹ̀, amọ̀ ń já bọ́ lára ògiri. Ó rò pé Àrìnkẹ́ á máa gbọ́n omi. Kò gbọ́n nǹkan kan. Ojú fèrèsé ló dúró sí, ó ń wo ìdí igi gúáfà, omijé ń dà lójú rẹ̀ láìsí ariwo.

"Kò dúró síbẹ̀, Bàbá," ó ní. "Ẹ wá wò ó. Omi kankan ò dúró síbẹ̀."

Bàbá wò ó. Ilẹ̀ ibẹ̀ kàn tutù bí ilẹ̀ ṣe ń tutù ni. Ó fẹ́ sọ pé kó dárí ji òun, kò jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Ìyá Tófínmi," ó ní, "bá mi na abọ́ kan."

Àrìnkẹ́ yíjú padà.

"Ẹ̀ẹ́n, Bàbá," ó dáhùn. Ó na abọ́ sí i, ó mú òmíràn, àwọn méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́n omi.