Ọyẹ́ Inú Àyà Láwàlì

Ó ti rẹ Láwàlì kí wọ́n tó dé ilé ìwòsàn ní Ìbarà. Láti ẹnu géètì dé ibi tí wọ́n ti ń ya fọ́tò àyà, ńṣe ló ń dúró mí bí ẹni tó ru àpò sìmẹ́ǹtì. Fàòsíyà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, di apá rẹ̀ mú. Obìnrin yìí ló yọ kíndìnrín rẹ̀ kan fún un lọ́dún tó kọjá. Láti ìgbà náà ni Láwàlì ti ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ara rẹ̀ bá kíndìnrín àlejò náà jà. Oògùn ọ̀hún kan náà ni kò jẹ́ kí ara lè bá àìsàn jà dáadáa mọ́.

Fọ́tò jáde, kò fi nǹkan kan hàn.

"Alihamdulilahi," ni Láwàlì wí. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé, ikọ́ lásán ni." Oorun ló ń wá.

Dókítà Èyítáyọ̀ kò gbà. Ó ní kó rìn dé ìdí fèrèsé kó sì padà, ó wá fi ẹ̀rọ kékeré kan tó ń wọn atẹ́gùn inú ẹ̀jẹ̀ há a níka. Ojú dókítà yí padà.

"Bọ̀dá Láwàlì, èémí yín ò tó. Àìsàn lè wà níbẹ̀ kí fọ́tò yìí má rí i. Ẹ ó ṣe síkáànì, àwòrán tó ń fi inú ara hàn ju fọ́tò lọ."

Nínú ẹ̀rọ síkáànì ńlá náà, wọ́n ní kó mí sínú, kó dá èémí dúró. Ikọ́ kò jẹ́. Wọ́n tún un ṣe títí ó fi fẹ́ sunkún.

Nígbà tí àwòrán dé, dókítà fi han àwọn méjèèjì. Ibi tó yẹ kó dúdú nínú ẹ̀dọ̀fóró ti funfun bàìbàì lọ́tùn-ún lósì, bí ìgbà tí ọyẹ́ bá bo ìlú.

"Kòkòrò tó ń ṣe èyí kì í sábà rí ẹni tí ara rẹ̀ le gbé ṣe. Ṣé ẹ ń lo Sẹ́pítírìn, oògùn tó ń dènà irú kòkòrò yìí, tí a ní kẹ́ ẹ máa lò?"

Láwàlì wolẹ̀. "Ó ń yún mi lára. Mo ti pa á tì." Kò lè wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Wọ́n la inú yín nítorí tèmi. Ẹnu wo ni n ó fi máa ráhùn ara yíyún?"

Fàòsíyà jókòó wọ̀ọ̀ sórí bẹ́ǹṣì. "Láwàlì, mi ò fún ọ ní kíndìnrín kó o lè máa bẹ̀rù mi. Ó ti rẹ èmi náà. Ohun tó bá ń dùn ọ́, sọ ọ́."

Wọ́n dá a dúró síbẹ̀, wọ́n fi atẹ́gùn sí i nímú, wọ́n fún un ní oògùn mìíràn. Ara rẹ̀ kọ́kọ́ burú sí i kó tó rọ̀. Nígbà tó yá, ó béèrè ẹ̀kọ.

Ilé Fàòsíyà ní Òṣíẹ̀lẹ̀ ló ti ń kọ́fẹ padà báyìí. Ìrìn kékeré ṣì ń rẹ̀ ẹ́. Láràárọ̀ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń bi í pé kí ló ń ṣe é, bó tilẹ̀ ń sú Láwàlì, ó ń sọ ọ́.